Bí Ará Òkè Ṣe ń Di Ará Èkó

Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí Èkó láti ìlú wa tí wọn kò ní sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Wọn á ní kí ó la ojú rẹ̀, kí ó di àpò rẹ̀ mú, kí ó má ṣe dá ẹni tí kò mọ̀ lóhùn, kí ó má sì ṣe rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni ní ibùdókọ̀. Wọn á tún fi kún un pé ẹni tí ó dé Èkó tí kò gbọ́n, bí ó bá dé ìlú Òyìnbó, kò lè gbọ́n mọ́. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí. Bí a bá ti ṣe ìdánwò WAEC tán, Èkó ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa yóò gbà lọ, àwọn kan láti kàwé, àwọn kan láti kọ́ṣẹ́, àwọn kan láti wá ohun tí ẹnu ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ mọ bí àwọn tí ó ti lọ ṣáájú wa ṣe ṣe é. Mo ka ohun tí mo rí kà, mo sì bi àwọn àgbà léèrè. Ohun tí mo rí kò bá ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún wa mu. Láti ohun tí ó lé ní àádọ́jọ ọdún tí àlejò ti ń wọ́ wọ Èkó, kì í ṣe ẹni tí ojú rẹ̀ là jù ni ìlú náà gbà bí kò ṣe ẹni tí ó ní ènìyàn tí yóò gbà á sílé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà. Ọdún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, ọdún 1861 sì ni wọ́n gba ìlú náà pátápátá. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú ti ń padà bọ̀. Àwọn Sàró ni àwọn tí ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì kó sọ̀ sí Freetown ní Sàró, àti àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn Àgùdà wá láti Brazil àti Cuba. Púpọ̀ nínú wọn ni kò rí ilé baba rẹ̀ mọ́, nítorí ogun ti tú ìlú ẹlòmíràn ká, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ ìlú tí wọ́n ti mú baba rẹ̀. Bí a bá ń wá ẹni tí ó jẹ́ àlejò ní Èkó, àwọn ni.

Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò fọ́n ká. Àwọn Sàró kó ara wọn jọ sí Olówógbowó, àwọn Àgùdà sì tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Pópó Àgùdà títí di òní. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ ibi tí yóò ti gbọ́ èdè tí ó yé e. Àwọn Àgùdà mú iṣẹ́ ọwọ́ bọ̀ pẹ̀lú: bíríkìlà ni wọ́n, káfíńtà ni wọ́n, télọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí Mohammed Shitta-Bey, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró, fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí, bíríkìlà Àgùdà kan tí ń jẹ́ João Baptista da Costa ni ó gbé iṣẹ́ fún. Ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí náà, ó sì wà ní òpópó Martins títí di òní. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: àlejò láti Sàró ni ó gbé iṣẹ́ fún àlejò láti Brazil, ohun tí àwọn méjèèjì kọ́ ni àwọn ará ìlú mìíràn ń wá wò ní Èkó báyìí.

Àgùdà kan tún wà tí ìtàn rẹ̀ wù mí. João Esan da Rocha ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ọmọdé ni wọ́n kó o lọ sí Bahia. Nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ padà dé Èkó, wọ́n kọ́ ilé sí òpópó Kakawa, wọ́n sì ní kànga níbẹ̀. Èkó jẹ́ erékùṣù tí omi yí ká, síbẹ̀ omi mímu ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Omi kànga di ọjà, ilé náà sì di Ilé Omi lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Lójú tèmi, èyí ju gbogbo ìmọ̀ràn nípa dídi àpò mú lọ. Ọkùnrin náà wo ohun tí ìlú kò ní, ó sì pèsè rẹ̀.

Àwọn Ẹ̀gbá náà tẹ̀lé e. Ní ọdún 1867, wọ́n ya wọ ilé àwọn Kristẹni ní Abẹ́òkúta, wọ́n kó wọn lẹ́rù, wọ́n sì fọ́ ilé ìjọsìn wọn. Ìfọ́lé ni wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tí ó sá wá sí Èkó rí ilẹ̀ gbà ní Ẹbúté Mẹ́tta lọ́dọ̀ Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà. Àwọn náà kò tú ká. Àwọn tí wọ́n jọ ń jọ́sìn nílé náà ni wọ́n jọ ń gbé lẹ́bàá ara wọn.

Lẹ́yìn èyí ni rélùwéè dé, ohun gbogbo sì yí padà. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà rélùwéè. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta ọdún 1901, ọkọ̀ ti ń ti Èkó dé Ìbàdàn. Ní ọdún kan náà ni wọ́n ṣí afárá Carter tí ó so erékùṣù Èkó mọ́ Ìdó. Ní 1912 rélùwéè ti dé Kánò. Ṣáájú èyí, ẹni tí ó bá ń lọ sí Èkó láti òkè níláti fi ẹsẹ̀ rìn, kí ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi, ogun sì lè dí i lọ́nà. Báyìí, ọmọ àgbẹ̀ tí ó ní owó ọkọ̀ lè jí ní Ìbàdàn kí ó sì sùn sí Èkó. Ará òkè ni àwọn ará Èkó ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi ẹnu tí ó dára pè é. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òun àti àwọn Àgùdà ni pé òun nìkan ni ó dá wá.

Ohun mẹ́ta ni ó ń kọ́kọ́ dẹ́rù bà á. Èkíní ni aago. Lóko, oòrùn ni a fi ń mọ ìgbà, bí òjò bá rọ̀, a lè dúró sílé. Ní ibi iṣẹ́ rélùwéè ní Ẹbúté Mẹ́tta, ẹni tí ó bá pẹ́ pàdánù owó ọjọ́ náà. Èkejì ni owó. Nílé, a kì í ra ewébẹ̀, a kì í ra igi ìdáná, àwọn ọmọ ni wọ́n ń pọn omi. Ní Èkó, gbogbo rẹ̀ ni owó. Omi ẹ̀rọ pàápàá, tí wọ́n fà wá láti Ìjú, dá ìjà ńlá sílẹ̀ nítorí owó orí omi tí ìjọba fẹ́ gbà. Ẹ̀kẹta ni ilé. Lórí èyí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni bi léèrè.

Bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò wa ní Ìsẹ́yìn tí ó lọ sí Èkó ní ọdún 1958, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún. Mo ní, "Bàbá, ta ni ẹ mọ̀ ní Èkó nígbà náà?"

Ó ní, "Ọmọ mi, n kò mọ ẹnì kankan. Orúkọ ni mo mọ̀."

Baba rẹ̀ ti ní kí olùkọ́ kan kọ orúkọ ọmọ ìlú wa kan àti àdúgbò rẹ̀ ní Muṣin sínú ìwé. Wọ́n rán ìwé náà mọ́ etí aṣọ rẹ̀ kí ó má baà sọnù. Ó wọ ọkọ̀ akẹ́rù dé Ìbàdàn, ó wọ rélùwéè dé Ìdó. Nígbà tí ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn aláàárù yí i ká, wọ́n fẹ́ gba ẹrù rẹ̀. Kò fún ẹnì kankan. Kò sì béèrè ọ̀nà. Ó jókòó lé ẹrù rẹ̀.

Mo ní, "Kí ni ẹ ń dúró dè, sà?"

Ó ní, "Etí ni mo dẹ. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ẹnì kan tí ó ń sọ̀rọ̀ bí ará Òkè Ògùn, ni mo tó dìde."

Aláàárù náà, ará Ṣakí ni. Ó ní kí ó dúró títí òun yóò fi parí iṣẹ́, lẹ́yìn náà ó mú un dé Muṣin. Ọmọ ìlú wa tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ó fún un ní oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì ó mú un rìn: ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ibi tí a ti ń ra gàrí lówó pọ́ọ́kú, ọ̀nà tí a kì í gbà ní alẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn báyìí kí ó tó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ bíríkìlà tí yóò kọ́ ọ níṣẹ́. Bàbá ní iṣẹ́ tí òun kọ́kọ́ ṣe ni pípo sìmẹ́ńtì níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sí Surulérè. Ẹ rántí Surulérè yìí, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ó mú un lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Wọ́n ní kí ó dìde dúró, kí ó sọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, agbo ilé rẹ̀, àti iṣẹ́ tí baba rẹ̀ ń ṣe. Àgbà kan nínú ìpàdé ki oríkì ilé wọn láti ìdí, ni gbogbo ilé bá pariwo. Akọ̀wé kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Owó ẹgbẹ́ jẹ́ sísì lóṣù. Bàbá ní láti ọjọ́ náà ni ọkàn òun ti balẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà náà ni òun kò ti lè hùwà bó ṣe wù òun mọ́, nítorí bí òun bá jalè ní Muṣin, wọn á gbọ́ ní Ìsẹ́yìn kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Irú ẹgbẹ́ yìí kún Èkó nígbà náà. Kò sí ìlú ńlá tàbí abúlé kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ ní Èkó tí kò ní tirẹ̀. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan. Àwọn Ìgbò dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó ní 1936, àwọn Ìbíbíò ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìlà oòrùn láti 1928, wọ́n sì rán ọmọ mẹ́fà lọ sí òkè òkun láti kàwé ní 1938. Bí ẹnì kan bá kú, ẹgbẹ́ ni yóò sin ín tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Bí ọlọ́pàá bá mú un, ẹgbẹ́ ni yóò wá ẹni tí yóò gba ìdúró rẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ kan bá ń wá ènìyàn, inú ìpàdé ni wọ́n ti ń kéde rẹ̀. Lọ́jọ́ òní, a máa ń rò pé ìpàdé ọmọ ìlú jẹ́ ibi tí àwọn bàbá ti ń jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sì ń wọ aṣọ ẹbí. Nígbà náà, òun ni ilé ìfowópamọ́, òun ni ilé ẹjọ́, òun sì ni ilé iṣẹ́ tí ń wáṣẹ́ fúnni.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ará oko nìkan ni ó nílò irú rẹ̀, kí ó wo Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ladipo Sólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ òfin. Àwọn onílé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù nígbà náà a máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn dúdú lójú, wọn a ní kò sí yàrá. Ní 1925, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀. Ní 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òpópó Camden. Ọmọ tí ó bá ti inú ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀ mọ ibi tí yóò gbé àpótí rẹ̀ sí. Lọ́yà lọ́la ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n kọ́kọ́ wá ilé tí wọn kò ní tilẹ̀kùn mọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìsẹ́yìn tí ó jókòó lé ẹrù rẹ̀ ní Ìdó.

Nǹkan kejì tí wọ́n gbé lọ láti ilé ni èsúsú. Samuel Johnson ti kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, kì í ṣe ohun tí Èkó dá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ó ran ènìyàn lọ́wọ́ ju ti ilé lọ. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ṣílè márùn-ún márùn-ún lóṣù, ẹnì kan nínú wọn yóò kó pọ́ùn méjì àti ṣílè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó lè fi san owó ilé, ó lè fi kún owó ẹ̀rọ ìránṣọ. Báńkì kò lè yá ará òkè tí kò ní ilé ní owó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ní ẹni tí wọ́n lè bá dá èsúsú a máa lọ bá alájọ, ẹni tí ń wá gba owó lójoojúmọ́, tí yóò sì mú ti ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a gbọ́ nípa alájọ Ṣómólú, tí a bá fẹ́ yin ẹni tí orí rẹ̀ pé, òun ni a ń fi í wé. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó ti kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni, òun náà wá sí Èkó bí àlejò. Wọ́n ní kò ń kọ owó àwọn oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í ṣì í. Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò mẹ́ta, ó fi ra kẹ̀kẹ́ kan. Àwọn ènìyàn ń fi ìyẹn ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n mo rò pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe: mọ́tò kò lè wọ inú àwọn ojúlé tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń gbé.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ọjà ni wọ́n ń lọ, ọjà náà ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Obìnrin tí ó bá dé tuntun tí ó kàn tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ láìbá ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀yìn. Alimotu Pẹlẹwura, ẹlẹ́ja ní ọjà Eréko, kò lọ sí ilé ìwé, ó sì jẹ́ olórí gbogbo àwọn obìnrin ọjà Èkó. Nígbà tí ìjọba fẹ́ gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin tí owó tí ń wọlé fún wọn lọ́dún ju 50 pọ́ùn lọ ní 1940, ó kó àwọn obìnrin jáde, wọ́n ti ọjà, wọ́n lọ bá ìjọba. Ìjọba sọ ọ́ di 200 pọ́ùn, èyí tí ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kúrò nínú rẹ̀. Kò sí obìnrin kan tí ó dá wá láti òkè tí ó lè dá irú ìyẹn ṣe.

N kò fẹ́ sọ pé ohun gbogbo dára. Ẹni tí ó gbani sílé a máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n mú lọ sí Èkó pé wọ́n á fi sí ilé ìwé, tí ó jẹ́ pé omi ni wọ́n ń pọn, tí wọ́n ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàbá náà sọ fún mi pé ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, òun kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó gba òun sílé, òun sì ń fọ aṣọ gbogbo ilé. Kò sọ ọ́ bí ẹni tí inú ń bí, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Ní ọdún 2003, Nàìjíríà ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ọmọ ọ̀dọ̀ ṣì pọ̀ ní Èkó lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń lọ gbọ́dọ̀ béèrè kí ó tó kúrò nílé pé kí ni òun yóò máa ṣe, fún ìgbà wo, ta ni yóò sì máa bojú tó o. Kì í ṣe àfojúdi láti béèrè. Àwọn òbí ni ó yẹ kí ó béèrè, kí wọ́n sì máa pe ọmọ náà fúnra wọn láti gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ibi tí mo ti rí ẹ̀rí tí ó dájú jù ni Surulérè. Ní 1924, àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì pa ènìyàn fún ọdún bí mélòó kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àpọ̀jù èrò nínú ilé tóóró ni ó fà á. Ní 1928, wọ́n dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, wọ́n sì la Yábàá. Ní 1955, kí òmìnira tó dé, wọ́n pinnu láti wó apá kan àárín gbùngbùn erékùṣù Èkó, kí àwọn àlejò láti ìlú mìíràn má baà rí ilé jákujàku. Àwọn tí wọ́n kó kúrò ni wọ́n kọ́ ilé fún ní Surulérè, ní orí ilẹ̀, jìnnà sí erékùṣù. Ilé tuntun, omi ẹ̀rọ, títì tí ó gbòòrò. Bí a bá fi ojú lásán wò ó, ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa jó.

Peter Marris, Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀ nílé wọn, ìwé tí ó kọ jáde ní 1961, Family and Social Change in an African City. Ó rí i pé àwọn kan fẹ́ràn ibi tuntun náà, pàápàá àwọn tí ó ní iṣẹ́ oṣù, tí ariwo agbo ilé ti sú. Ṣùgbọ́n fún púpọ̀ nínú wọn, ìyà ni. Obìnrin tí ń ta ọjà ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò rí oníbàárà mọ́, nítorí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò sí níbẹ̀. Owó ọkọ̀ lọ sí erékùṣù lójoojúmọ́ ń jẹ èrè. Ìyá àgbà tí ọmọ àti àbúrò ń wá kí láràárọ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń kí lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwọn tí baba ńlá wọn ti ń gbé Èkó di àlejò ní Èkó. Wọn kò tíì kúrò nínú ìlú náà, ojú wọn là dáadáa, wọ́n mọ gbogbo ọgbọ́n tí à ń sọ fún wa kí a kọ́. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn ni àwọn ènìyàn tí ó yí wọn ká, ohun tí ó sì ni wọ́n lára nìyẹn. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo rántí Bàbá tí ń po sìmẹ́ńtì. Ilé tí ó ń bá wọn kọ́ láti fi kọ́ iṣẹ́ ni ó tú agbo ilé ẹlòmíràn ká. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní àwọn kò mọ̀.

Bí ẹlẹgbẹ́ mi kan bá wá bi mí pé kí ni òun yóò ṣe ní oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Èkó, ohun tí mo máa sọ fún un kò pọ̀. Kọ nọ́ńbà ẹni tí ó ń lọ bá àti àdírẹ́sì rẹ̀ sínú ìwé, kí o fi sínú aṣọ, nítorí fóònù lè kú, wọ́n sì lè jà á gbà. Mọ orúkọ ibùdókọ̀ tí ó ṣáájú ti ẹ, kí o lè dìde kí ó tó dé. Mú ṣénjì dání, nítorí kọ̀ńdọ́ lè so ìwọ àti ẹlòmíràn pọ̀ lórí owó kan ṣoṣo, kí ó ní kí ẹ lọ pín in fúnra yín. Bí o bá ṣìnà, dúró sí ibi tí èrò wà, kí o bi obìnrin tí ń tajà léèrè, kì í ṣe ẹni tí ó sáré wá bá ọ. Má san owó ilé fún ẹnikẹ́ni kí o tó rí yàrá, kí o tó rí onílé, kí o tó bi àwọn tí ń gbé inú ilé náà bóyá òun ni onílé lóòótọ́. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kan tẹ̀lé ọ rìn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Dá àjọ, bí ó tilẹ̀ kéré. Lọ sí ìpàdé, ìbáà ṣe ti ọmọ ìlú, ti ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ti mọ́ṣáláṣí, kí wọ́n lè mọ̀ bí o kò bá wá.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ Bàbá, mo bi í bóyá ẹgbẹ́ tí ó gbà á ní 1958 ṣì wà. Ó ní ó wà. Àbúrò rẹ̀ kan ṣì ń lọ, ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní Muṣin kan náà. Ó ní àwọn tí ó kù níbẹ̀ kò ju méjìlá lọ, irun gbogbo wọn ni ó ti funfun, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí akọ̀wé ti kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé gbẹ̀yìn. Mo gba nọ́ńbà akọ̀wé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fún ènìyàn mẹ́rin nínú kíláàsì wa.